Àlàfo Apá Òsì

Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin tó ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ohun tí òun ṣe kò lè bàjẹ́ láéláé, ẹ tètè dìde kúrò níwájú rẹ̀. Èmi jókòó. Mo jókòó ti Akínlẹ́yẹ fún ọdún mẹ́ta gbáko, mo gbọ́ gbogbo ìwàásù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo ń mi orí, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Inú ń bí mi títí dòní, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Ọ́fíìsì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni Akínlẹ́yẹ ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo oríṣiríṣi ètò aláràbarà láti fi to iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n òun kò gbà. Fáìlì kan ṣoṣo ló ń lò, ìkọ̀wé lásán tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní àwòrán. Tó bá fẹ́ kọ orí ọ̀rọ̀, á fi ìràwọ̀ kan síwájú rẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ náà, á tì í wọlé díẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tíì ṣe, á kọ "Ó KÙ" sí i. Èyí tó bá ti ṣe, á kọ "Ó TÁN". Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó bá tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ á ká jọ bí ẹní. Tó bá tún tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn mí, mo rí orúkọ mi níbẹ̀: "Ó KÙ: mú Bùnmí jáde lọ jẹun." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó yẹ kí n ti bínú láti ọjọ́ yẹn.

"Plain text ni jàre," ó máa ń sọ. "Kò sí ẹ̀rọ tí kò lè ṣí i. Bóyá fóònù ni o, bóyá kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni o, editor, ètò ìkọ̀wé yòówù kó jẹ́, nǹkan kan náà lo máa rí. Tí gbogbo ètò olówó ńlá wọ̀nyẹn bá kú tán, tèmi á ṣì wà."

Bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn, bíi pé ẹ̀rí ìgbàlà ló ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ fáìlì la máa ń parí sí. Bí mo bá ní mo gbàgbé ohun kan, kò ní bá mi wá a. Á ní ká ní mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì ni, n kò bá má gbàgbé. Mo mọ̀ ọ́n sí alágídí, ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe alágídí lórí ohun tó fẹ́ràn? Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Èjìká mi ọ̀tún wálẹ̀ ju ti òsì lọ. Egungun ẹ̀yìn mi ló tẹ̀ láti kékeré, kò sì sí ohun tí àwọn dókítà rí ṣe sí i. Kì í dùn mí. Ojú àwọn ènìyàn ló ń dùn mí. Nílé ìwé, Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè mí, nítorí òṣùwọ̀n tí wọ́n bá gbé ẹrù sí apá kan rẹ̀, apá kan á wálẹ̀, apá kejì á gòkè. Ọmọ tó sọ mí lórúkọ yẹn kò tilẹ̀ kórìíra mi. Ó kàn rí i ni, ó sì sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìborùn sí èjìká ọ̀tún. Bí oòrùn ń mú, ìborùn wà níbẹ̀. Bí òjò ń rọ̀, ìborùn wà níbẹ̀. Mo di olùkọ́ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, mo kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní ìṣirò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rí mi rí láìsí ìborùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè bọ́ ìborùn níwájú rẹ̀. Mọ̀dínátù ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, ìyá àwọn ọmọ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Ìgandò, ní ẹ̀gbẹ́ títì tó ti Ìkọ̀tún wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá a, ó mú mi wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa téèpù rẹ̀ yọ. Kò mí kanlẹ̀. Kò sọ pé "Ẹ̀ẹ́yà, pẹ̀lẹ́." Kò béèrè ohun tó ṣe mí. Ó wọ̀n mí bó ṣe ń wọn gbogbo ènìyàn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n padà wá mú aṣọ mi ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ó rán fóòmù sínú èjìká ọ̀tún, ó sì gé ọrùn aṣọ náà kó lè bá fóòmù náà rìn. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, èjìká mi méjèèjì dọ́gba. Mo sunkún nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, Mọ̀dínátù sì yíjú sí ògiri títí mo fi sunkún tán.

Síbẹ̀, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n jáde láìsí ìborùn. Aṣọ lè yẹ̀, fóòmù lè sún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Akínlẹ́yẹ ní òun fẹ́ fẹ́ mi, tí àwọn òbí wa méjèèjì sì fọwọ́ sí i, mo pinnu ohun kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, n kò ní bo èjìká mi. Màá dúró níwájú ìdílé méjèèjì, níwájú ìjọ, níwájú àwọn tí a jọ lọ ilé ìwé, wọn ó sì wò mí títí yóò fi sú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn. N kò béèrè mọ́tò, n kò béèrè òrùka olówó iyebíye.

Mo sọ fún Mọ̀dínátù. "Àǹtí, ẹ ò ní fi ìborùn kún ti ìgbéyàwó o."

"Ìborùn kẹ̀?" ó ní. "Jù ú sínú ilé jàre. Màá rán gáùn tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ èyí tó wálẹ̀ nínú wọn."

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé bó ṣe ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Ìwọ̀n tó bá dọ́gba ní apá méjèèjì, wọ́n á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá máa fi kún ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bíi fóòmù, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà kan, wọ́n á wá kọ nọ́mbà rẹ̀ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Wọn kì í kọ "ọ̀tún", wọn kì í kọ "òsì". Ibi tí nọ́mbà náà bá wà lórí ìlà ló ń sọ ọ́. Tó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, apá òsì ẹni tó máa wọ aṣọ ni. Tó bá wà ní ìparí ìlà, apá ọ̀tún ni, wọ́n á sì fi àlàfo sílẹ̀ lápá òsì. Ọ̀gá wọn ní aránṣọ tó bá ní láti dúró kàwé kó tó gé aṣọ, á ṣì í gé. Ojú rẹ̀ ni kó máa mú ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Òjò ló kó Akínlẹ́yẹ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Páànù ṣọ́ọ̀bù Mọ̀dínátù jò, omi sì wọ inú ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Lásìkò yẹn náà ni iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pín in pẹ̀lú Ọláyíwọlá, ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Bàrúwà. Ìwé kan kò sì lè wà ní Ìgandò kó tún wà ní Bàrúwà. Akínlẹ́yẹ tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí ìwé tútù náà, ojú rẹ̀ tàn bíi ti ẹni tó rí oúnjẹ.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kó o sínú fáìlì," ó ní. "Ẹ ní kọ̀ǹpútà níbí. Ẹ̀ ń kọ ọ́ níbí, Ọláyíwọlá ń kà á ní Bàrúwà. Ìràwọ̀ kan síwájú orúkọ oníbàárà, ìwọ̀n rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó tán."

Mọ̀dínátù jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan. Nígbà tó dé orí fóòmù mi, ó dúró. "Akínlẹ́yẹ, ṣé kí n kọ 'ọ̀tún' sí i ni, àbí kí n kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Kò ní yí padà."

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ̀dínátù ṣe ń tẹ bọ́tìnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ yẹn, èyí tó ń fi àlàfo sílẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi dé ìparí ìlà, ó wá kọ nọ́mbà mi síbẹ̀. Mo ń wò ó. Ọkàn mi kò balẹ̀, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà.

"Tí ẹ̀rọ mìíràn bá gbá àlàfo yìí dànù ńkọ́?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín mi. Ó rẹ́rìn-ín mi níwájú Mọ̀dínátù. "Bùnmí, àlàfo náà lẹ́tà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, kò yàtọ̀ sí A tàbí B. Editor wo ló máa dédé pa lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni rẹ́? Ìṣirò ni kí o máa kọ́ àwọn ọmọ ẹ, fi eléyìí sílẹ̀ fún mi."

Ẹ gbọ́ mi, mo dákẹ́.

Kò pẹ́ tí fáìlì náà fi rin ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́. Akínlẹ́yẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tún un tò, ó fi í ránṣẹ́ sí Bàrúwà. Ọláyíwọlá pè. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ yìí ò dúró níbì kan o. Ó kàn ń lọ lórí ìlà kan ṣoṣo ni, n ò rí ìparí ẹ̀." Orúkọ gbogbo oníbàárà àti ìwọ̀n gbogbo wọn ti so pọ̀ bíi ọkọ̀ ojú irin. Akínlẹ́yẹ ní kọ̀ǹpútà tòun àti ti Ọláyíwọlá kì í fi àmì kan náà parí ìlà, pé ohun kékeré ni. Ó tún un ṣe, ó tún fi í ránṣẹ́.

"Ṣebí o ní kò sí ẹ̀rọ tí kò lè ṣí i?" mo wí. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ ni o.

"Ó ṣí i. Kì í ṣe pé kò ṣí i."

Ó bínú sí mi, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìkọ̀tún. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Mo rí ẹfà lọ́jọ́ yẹn kedere. Ìfẹ́ ló ní kí n má kà á dé èje.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù dẹ̀dẹ̀, ìyá Mọ̀dínátù ṣubú lulẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mọ̀dínátù gbéra lọ́jọ́ náà. Ó pè mí láti orí ọ̀nà. "Bùnmí, má bínú. Lésì ẹ ti wà lọ́dọ̀ Ọláyíwọlá. Òun ló máa gé e, òun ló máa rán an. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa, kò sí ìyàtọ̀. Ìwọ̀n ẹ wà nínú fáìlì."

Mo ní kó máa tọ́jú ìyá. Kí ni n bá tún sọ?

Iná kì í dúró ní Bàrúwà, Ọláyíwọlá sì ti ra irú fóònù tí gbogbo ènìyàn ń rà nígbà náà, èyí tí wọ́n ń fi ìka fà. Ó wá ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ kan sórí rẹ̀. Ó ṣí fáìlì náà, ó dé orí orúkọ mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé lésì ti dé, ó fi pamọ́. Ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ètò ọ̀fẹ́ náà ló ń fa gbogbo ìlà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá ti ń fi fáìlì pamọ́, kí ojú ewé lè mọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà mi tó wà ní ìparí ìlà sún, ó lọ dúró sí apá òsì.

Ọláyíwọlá pè mí pé kí n wá gbé gáùn náà wọ̀ wò. N kò lọ. N kò lè bọ́ra níwájú ọkùnrin tí n kò mọ̀, ìwọ̀n Mọ̀dínátù kò sì yẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní kó kàn mú un wá ní àárọ̀ Sátidé.

Ó mú un wá. Ilé bàbá mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin kún fún àlejò. Súmbọ̀ àbúrò mi bá mi wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn, ó bá mi gbé gáùn náà sọ́rùn, ó fa ṣíìpù rẹ̀ sókè. Súmbọ̀ kì í dákẹ́. Tó bá ń sùn pàápàá, ó ń sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́. Mo yíjú sí dígí.

Wọ́n ti gbé fóòmù sí èjìká òsì, èyí tó ga tẹ́lẹ̀. Ó wá ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi. Ọrùn gáùn náà dà wá sí ọ̀tún, aṣọ sì ṣù jọ sórí èjìká ibẹ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tí mo ti fi ìborùn bò láti kékeré, wọ́n ti fi lésì funfun rán an, wọ́n ti gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ká ní ọ̀tá mi ló sanwó fún un, kò lè rí i rán tó bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí Bùnmí," Súmbọ̀ ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ."

N kò bọ́ ọ. Mo fa ìborùn ńlá kan jáde, mo fi bo èjìká mi méjèèjì, mo jáde lọ bá Ọláyíwọlá ní pálọ̀.

"Apá wo lo gbé fóòmù sí?"

Ó wo ojú mi, ó sì yọ fóònù rẹ̀ jáde. "Òsì ni, Àǹtí. Ẹ wò ó. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nìyí." Mo wò ó. Orúkọ mi, ìràwọ̀ mi, fóòmù mi, nọ́mbà mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Mo wo àwọn oníbàárà yòókù. Kò sí àlàfo kankan níwájú ìlà ẹnikẹ́ni mọ́, gbogbo wọn ti lẹ̀ mọ́ ògiri òsì. Ó yé mi kí n tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ó yé mi.

"Ṣé o lè tú u?"

"Mo ti gé ọrùn ẹ̀ mọ́ ọn, Àǹtí. Lésì ò sì kù. Ẹ forí jì mí." Ó dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó dìde. Kì í ṣe òun ni mo ń bínú sí.

Mo pe Akínlẹ́yẹ. "Fóòmù wà lápá òsì."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Dúró." Mo gbọ́ tí ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ní àárọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà wà nítòsí rẹ̀. "Tèmi dáa," ó ní. "Bùnmí, tèmi dáa o. Apá ọ̀tún ló wà níbí."

"Akínlẹ́yẹ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ẹ ni mo wọ̀ sọ́rùn."

"Mò ń bọ̀," ó ní.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ara mi wálẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ó ń bọ̀ wá bá mi. Bóyá á ní ká lọ bẹ́ẹ̀, bóyá á ní ká sún un síwájú, bóyá á kàn jókòó tì mí, kó má sọ nǹkan kan. Èyíkéyìí nínú wọn ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó dé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ àti òdòdó tí wọ́n ti fi há a láyà, báàgì kọ̀ǹpútà wà ní èjìká rẹ̀. Ó kọjá lára mi. Ó ní kí Ọláyíwọlá fún òun ní fóònù rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ti abọ́ mọ́ín-mọ́ín àwọn àlejò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó gbé fáìlì tirẹ̀ àti ti Ọláyíwọlá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Ìyá mi ń sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlùfáà ti ránṣẹ́ pé ìjọ ti pé. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó wà lórí làpálàpá tirẹ̀, ó ń kùn sí ara rẹ̀.

"Mo ti rí i," ó ní níkẹyìn, ẹ̀rín sì bọ́ sí ojú rẹ̀. Mo búra fún yín, ẹ̀rín. "Kì í ṣe ẹ̀bi fáìlì. Ètò tó wà lórí fóònù ẹ̀ yìí ló ń gé àlàfo iwájú ìlà dànù. Wò ó, kò sí nǹkan tó sọnù, gbogbo nọ́mbà wà níbẹ̀. Mo máa kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é kí wọ́n tún un ṣe. Plain text ò ní ẹ̀bi kankan."

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà wá dá sílẹ̀ lẹ́jọ́. Kì í ṣe èmi ló wá gbèjà.

"Akínlẹ́yẹ," mo ní, "wò mí."

Ó gbé orí sókè. "Mò ń wò ẹ́."

Ìborùn ṣì wà lórí èjìká mi méjèèjì. Súmbọ̀ dúró lẹ́yìn mi, Ọláyíwọlá dúró létí ògiri. "Èjìká mi wo ló wálẹ̀?" mo bi í.

Mo rí i tó ń wá a. Mo rí ojú rẹ̀ tó lọ sí òsì mi, tó lọ sí ọ̀tún mi, tó sì padà. Ọdún mẹ́ta la fi jọ jókòó, tí a jọ jẹun, tí ó gbé ọwọ́ lé èjìká kan náà yìí nínú ọkọ̀ àti lórí òpópónà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó kà á.

"Ọ̀tún," ó ní.

Kò ṣì í. Ọ̀tún ni lóòótọ́.

Gbogbo ìgbà tí kò béèrè nípa èjìká mi, tí kò tẹjú mọ́ ọn, tí kò sọ ọ́ rí, mo ti ń kà á sí ìfẹ́ fún un. Mo ti ń fi í yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọkùnrin kan wà láyé tí kì í wo àbùkù mi. Kì í wò mí ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí i kedere láàárọ̀ yẹn.

"Máa lọ sílé, Akínlẹ́yẹ."

"Bùnmí, nítorí àlàfo? Nítorí ètò ọ̀fẹ́ kan lórí fóònù ẹlòmíì?"

"Máa lọ sílé. Gbé kọ̀ǹpútà ẹ dání."

Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣàlàyé, ó pe ìyá mi sí i, ó pe orúkọ Ọlọ́run sí i. N kò dá a lóhùn. Mo gba bíléèdì lọ́wọ́ Ọláyíwọlá, mo wọ yàrá, Súmbọ̀ sì bá mi tú ìránṣọ náà títí ó fi yọ fóòmù náà kúrò. Gáùn náà kò dára sí i. Apá òsì rẹ̀ hunjọ, ọ̀tún rẹ̀ ń já bọ́. Súmbọ̀ na ìborùn sí mi. Mo ní kó gbé e sílẹ̀.

Bàbá mi ní òun á rán ẹnì kan lọ sọ fún ìjọ. Mo ní rárá, ẹsẹ̀ èmi fúnra mi ni yóò gbé mi lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà sí ilé wa. Mo gba ojú títì lọ ní ọ̀sán gangan, àwọn tó ń ta búrẹ́dì ń wò mí, àwọn ọlọ́kadà ń wò mí, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò ń pe ara wọn jáde láti wá wò mí. Mo wọlé láti ẹnu ọ̀nà ńlá. Dùùrù bẹ̀rẹ̀ orin ìyàwó, ó sì dákẹ́ láàárín.

Mo dúró níwájú pẹpẹ, mo kọjú sí wọn. Mo sọ fún wọn pé kò sí ìgbéyàwó mọ́, kì í ṣe lónìí nìkan, àti pé kí àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá lọ jẹun nílé bàbá mi, torí oúnjẹ ti délẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo wọn ń wo èjìká mi, láti orí ìjókòó iwájú dé ẹ̀yìn pátápátá. Mo dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè wò ó tán.